Máníjà ṣọ́ọ̀bù ni mí, àga ọ̀gá àgbà ni mò ń wò: èwo ni kí n mú nínú ọ̀nà méjì yìí?

Ọmọ Kántà

Ẹ̀yin àgbà gbàgede yìí, mo kí yín o. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìtajà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri. Ìdí kántà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi mí ṣe alábòójútó, mo ṣe igbákejì máníjà, ní báyìí èmi ni máníjà ṣọ́ọ̀bù kan. Ọjà ń tà, èrò ń wọlé, àwọn ọ̀gá ní olú ilé-iṣẹ́ sì ti mọ orúkọ mi.

Wọ́n wá gbé nǹkan méjì síwájú mi, wọ́n ní kí n mú ọ̀kan. Àkọ́kọ́, kí n di máníjà àgbègbè, kí n máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ. Owó oṣù á gòkè, wọ́n á sì fún mi ní mọ́tò. Ìkejì, kí n wá sí ọ́fíìsì ìrajà, níbi tí wọ́n ti ń yan ọjà tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù máa tà, tí wọ́n sì ń bá àwọn tó ń pèsè ọjà dúnàádúrà. Ipò kékeré ni wọ́n fẹ́ fi mí sí níbẹ̀, owó rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí mò ń gbà lọ.

Mi ò fẹ́ fẹ̀yìn tì nípò máníjà. Àga ọ̀gá àgbà pátápátá ni mò ń wò, bó ti wù kó pẹ́ tó. Èwo nínú méjèèjì ló ń gbé èèyàn débẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, mo gba àdúrà yín o, ṣùgbọ́n ẹ fi àlàyé díẹ̀ kún un.

Àgbà Ṣọ́ọ̀bù

Àbúrò, o kú oríire. Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé nínú iṣẹ́ wa yìí, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé èèyàn ga, iṣẹ́ tuntun ni wọ́n ń gbé fún un. Ohun tó mú un ta yọ nípò tó ti kúrò lè máà wúlò fún un mọ́ rárá.

Máníjà ṣọ́ọ̀bù, ojú ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó rí i pé ṣẹ́ẹ̀fù ti ṣófo, ó pe ọmọọṣẹ́ kan, ọjà dé orí rẹ̀. Ó rí i pé ìlà àwọn oníbàárà ti gùn, ó bọ́ sídìí kántà fúnra rẹ̀. Máníjà àgbègbè ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù kan, kò rí méje yòókù. Àwọn máníjà ló máa fi ṣiṣẹ́, ìròyìn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ àti iye ọjà tí wọ́n tà ló máa fi ríran. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akínkanjú ti ń ṣubú. Wọ́n á máa sáré láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa fọwọ́ ara wọn to ọjà, wọ́n á wá di máníjà ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn máníjà gan-an á sì káwọ́ gbera, wọ́n á máa dúró dè wọ́n.

Ẹni tó bá borí ìyẹn ló ń di olùdarí ètò ìtajà, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà níkàáwọ́ rẹ̀. Àríyànjiyàn pọ̀ níbẹ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ìwọ lo máa sọ fún àwọn ará ìrajà pé ohun tí wọ́n rà kò tà, ìwọ náà lo máa bá àwọn onísirò fà á pé òṣìṣẹ́ ò tó. Tó o bá wá dé òkè pátápátá, iṣẹ́ tún yí padà. Ọ̀gá àgbà kì í ta nǹkan kan. Ó ń pinnu ibi tí owó ilé-iṣẹ́ ń lọ, ó ń yan àwọn tó máa darí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dá ìgbìmọ̀ olùdarí lóhùn lọ́jọ́ tí nǹkan ò bá lọ déédéé.

Èmi á ní kó o mú máníjà àgbègbè. Ibẹ̀ ni wàá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ẹlòmíì ṣiṣẹ́. Bí o kò bá kọ́ ọ níbẹ̀, kò sí ibòmíì tí wọ́n á ti fún ọ láyè láti kọ́ ọ.

Ọ̀gá Ìrajà

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú yín níbí. Ọ́fíìsì ìrajà ni kí àbúrò wa lọ.

Ẹ wo bí èrè ṣe kéré tó nínú iṣẹ́ yìí. Nínú 100 tí súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá bá pa wọlé, ohun tó ń kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó kì í sábà ju 2 tàbí 3 lọ. Kí ni máníjà ṣọ́ọ̀bù lè ṣe sí i? Ó lè dín olè kù, ó lè dín ìnáwó iná kù, ó lè jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Àmọ́ iye tí wọ́n ra ọjà, iye tí wọ́n máa tà á, àti ọjọ́ tí wọ́n máa sanwó fún ẹni tó pèsè rẹ̀, ọ́fíìsì ìrajà ló ń pinnu gbogbo ẹ̀. Ẹ má fojú kéré ọjọ́ ìsanwó yẹn o. Bí ọjà bá tà tán láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, tí àdéhùn sì ní kí ẹ sanwó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ márùndínláàádọ́ta, owó olówó lẹ fi ń ṣòwò fún oṣù kan ó lé. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìtajà, ìyẹn ni wọ́n fi ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun.

Ẹ tún wo Doug McMillon, ẹni tó jẹ ọ̀gá àgbà Walmart, ilé-iṣẹ́ ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà. Ní 1984, nígbà tó ṣì ń wá owó iléèwé, ó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ akẹ́rù ní ilé ìkẹ́rùsí Walmart. Ó padà wá ní 1990, wọ́n fi í ṣe igbákejì máníjà ṣọ́ọ̀bù ní Tulsa, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi bọ́ sí ìrajà. Ohun èlò ìpẹja wà lára ohun tó kọ́kọ́ ń rà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló darí Sam's Club, ẹ̀ka Walmart kan, ó darí àwọn ṣọ́ọ̀bù Walmart tó wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi í jẹ ọ̀gá àgbà ní 2014. Ilẹ̀ ìtajà wà nínú ìtàn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrajà ló gbé e kúrò níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń kọ́ ẹni níbẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù kì í kọ́ni: kíkọ ọjà sílẹ̀. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù máa ń fẹ́ ohun gbogbo, torí oníbàárà kan béèrè rẹ̀ lánàá. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ìtajà Costco kì í ta ju nǹkan bí 4,000 oríṣi ọjà lọ, nígbà tí súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá mìíràn ń ta nǹkan bí 30,000 sí 40,000. Nítorí pé oríṣi rẹ̀ kéré, ó ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́pọ̀, ẹni tó ń pèsè rẹ̀ ò sì lè bá a ṣe agídí. Ẹni tó mọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n yọ ọjà kan kúrò lórí ṣẹ́ẹ̀fù ti ń ronú bí ọ̀gá àgbà nìyẹn.

Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ

Ẹ sáà má jẹ́ kí mọ́tò yẹn tàn án o 😂

Ìyá Oníṣirò

Ọmọ mi, àwọn méjèèjì sọ òótọ́, ṣùgbọ́n méjèèjì fo ohun tó máa dá ẹ dúró níwájú ìgbìmọ̀ olùdarí lọ́jọ́ iwájú. Ṣé o lè ka ìwé èrè àti àdánù gbogbo ilé-iṣẹ́, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù tìẹ nìkan?

Bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí àwọn ọ̀gá fi máa ń tan ara wọn jẹ. Wọ́n á ní ọjà tí àwọn tà lọ́dún yìí ju ti èṣí lọ, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Béèrè pé: mélòó nínú rẹ̀ ló ti ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀bù tuntun wá? Ya àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ti pé ọdún kan ó lé sọ́tọ̀, kó o wo tiwọn nìkan. Mo ti rí ibi tí àpapọ̀ ń gòkè nígbà tí àwọn ògbólógbòó ṣọ́ọ̀bù ń kú lọ, tí wọ́n sì ń fi ṣíṣí tuntun bo ikú náà mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí owó ìṣí ṣọ́ọ̀bù bá tán ni ariwo ń sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo ọjà tó ń sọnù: èyí tí wọ́n jí, èyí tó bàjẹ́, èyí tí wọ́n kà ṣì, èyí tí ọkọ̀ gbé wá tí kò pé. Ká ní èrè tó kù jẹ́ 2 nínú 100, kí ohun tó ń sọnù sì jẹ́ 1. Bí o bá dín ìsọnù yẹn kù sí ìdajì, èrè di 2 àbọ̀. Ìyẹn ni pé èrè fi ìdá kan nínú mẹ́rin ara rẹ̀ lé sí i, láìta ẹyọ ọjà kan kún un. Kí o tó rí irú èrè bẹ́ẹ̀ nínú ọjà títà nìkan, wàá ta ju tàtẹ̀yìnwá lọ gan-an. Máníjà tó bá lè ṣàlàyé ìṣirò yìí fún ọ̀gá rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta, wọn kì í gbàgbé rẹ̀.

Kí o sì mọ̀ pé onísirò náà ń dé òkè. Whitey Basson, onísirò àgbà ni. Ní 1979, ilé-iṣẹ́ ìtajà Pepkor ra Shoprite, ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ péré ní ìpínlẹ̀ Western Cape ní Gúúsù Áfíríkà, mílíọ̀nù kan rand ni wọ́n san. Basson ló darí rẹ̀ títí di òpin 2016, tó fi di ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù ní Áfíríkà. Ní 1997, ó ra ilé-iṣẹ́ ìtajà OK Bazaars ní rand kan. Rand kan ṣoṣo! Àdánù ńlá ló bá a wá o. Ẹni tí kò mọ ìwé èrè àti àdánù á rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ iye tó máa ná kí ọ̀fẹ́ yẹn tó di èrè.

Ọmọ Kántà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mà, mo ti ń ṣe ìṣirò ìsọnù ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀, orí mi ń fọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè méjì. Ṣé kí n lọ gba MBA, oyè ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òwò, ná kí n tó mú èyíkéyìí? Èkejì ni pé ọ̀rẹ́ mi kan ní mò ń fi àkókò ṣòfò, pé àwọn onílé-iṣẹ́ máa ń lọ gbé ọ̀gá àgbà wá láti ìta ni, wọn kì í mú ọmọ ilé. Ṣé òótọ́ ni?

Tíṣà Lẹ́yìn Iṣẹ́

MBA: gbà á, ṣùgbọ́n má fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. McMillon tí wọ́n dárúkọ lókè yẹn, ó ń ṣe igbákejì máníjà ló ń ka tirẹ̀ ní Yunifásítì Tulsa. Bó o bá kà á nígbà tó o ní ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ ẹ lọ́jọ́ Sátidé, wàá dán an wò lọ́jọ́ Ajé.

Ní ti ọmọ ilé àti ará ìta, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ni. Jim Sinegal, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Costco sílẹ̀ ní 1983, mátírẹ́ẹ̀sì ló ń já nínú ọkọ̀ ní FedMart ní 1954, iṣẹ́ ọmọ iléèwé. Ron Vachris tó di ọ̀gá àgbà Costco ní oṣù Kìíní 2024, forklift, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí, ló ń wà ní Price Club ní 1982, kí ilé-iṣẹ́ náà tó dara pọ̀ mọ́ Costco. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé ló ni àga. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé láti ogún ọdún sẹ́yìn, kò sí ọ̀gá àgbà kan tó ti inú wọn wá.

Nítorí náà, má bi wá. Lọ wo àwọn mẹ́wàá tó wà lókè jù ní ilé-iṣẹ́ yín. Ibo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá? Ṣé ilẹ̀ ìtajà ni, àbí ìrajà, àbí ìṣirò owó, àbí ilé-iṣẹ́ mìíràn? Bí mẹ́jọ nínú wọn bá ti ọ́fíìsì ìrajà wá, a ti dáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn. Bí gbogbo wọn bá ti ìta wá, kọ́ iṣẹ́ tó o lè kọ́ níbẹ̀, kó o múra láti di ará ìta níbòmíì.

Àjèjì Nílé Ọjà

Ẹ jẹ́ n gbèjà àwa ará ìta díẹ̀ 😀

Hubert Joly ò darí ilé-iṣẹ́ ìtajà kankan rí kó tó di ọ̀gá àgbà Best Buy ní Amẹ́ríkà ní 2012. Gbogbo èèyàn ló ń sọ nígbà yẹn pé ilé-iṣẹ́ náà ti ń kú lọ, torí àwọn oníbàárà ń wá wo tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á wá lọ rà á lórí ayélujára níbi tó ti dínwó. Kí ló kọ́kọ́ ṣe? Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn kan ní St. Cloud, ní Minnesota, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù bíi ti àwọn òṣìṣẹ́, báàjì tó so máyà sọ pé ọ̀gá àgbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni òun. Ó gbọ́ lẹ́nu wọn pé ohun tí ẹ̀rọ ìwákiri orí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà ń gbé jáde ò bá ohun tí oníbàárà ń wá mu, àti pé inú ń bí wọn pé wọ́n ti gé ẹ̀dínwó òṣìṣẹ́. Ó dá ẹ̀dínwó náà padà. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá rí iye tó kéré jù lórí ayélujára, iye yẹn làwọn máa tà á fún un. Ó kúrò lórí àga náà ní 2019, Best Buy ṣì wà.

Àǹfààní tí ará ìta ní ni pé ojú kì í tì í láti béèrè ìbéèrè. Ìwọ tó o ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ó ti mọ́ ẹ lára láti má bi ìbéèrè kan mọ́. Ṣọ́ra fún ìyẹn.

Ìyá Ìbejì

Gbogbo yín ń sọ ti àga, kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé.

Àbúrò mi, máníjà àgbègbè ń wakọ̀. Ó ń jí kùtù, ó sì ń pẹ́ kó tó wọlé, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń ka ọjà. Àsìkò ọdún tí àwọn èèyàn fi ń sinmi, ìgbà yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù ń kún jù. Bó o bá sì ti ń gòkè, wọ́n á ní kó o kó lọ sí ìlú mìíràn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ẹ lára níbẹ̀, wọ́n á tún ní kó o máa bọ̀. Èmi kó, mo tún kó, ọkọ mi sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a kì í dúró dìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá béèrè ká tó jókòó sọ ọ́. A ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ìdí tá a lè fi kó àti ìdí tá ò ní fi kó. Nígbà tí wọ́n bá pè mí, ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi. Àwọn ọ̀gá máa ń fojú ọ̀wọ̀ wo ẹni tó bá sọ "rárá, ṣùgbọ́n tó bá di ìgbà báyìí, mo lè lọ" ju ẹni tó gbà lónìí tó wá ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá òun padà lọ.

Tó bá jẹ́ obìnrin ni ẹ́ (o ò sọ, n ò sì bi ọ́), wo ọ̀nà Rosalind Brewer. Kẹ́mísírì ló kà, ilé-iṣẹ́ Kimberly-Clark ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1984. Ó wọ Walmart ní 2006, ẹkùn kan ni wọ́n fún un kó máa bójú tó. Ní 2012 ó di ọ̀gá àgbà Sam's Club, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ àti aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó darí irú ẹ̀ka ńlá bẹ́ẹ̀ ní Walmart. Ó lọ sí Starbucks, ó di ọ̀gá àgbà Walgreens, ilé-iṣẹ́ tó ń ta oògùn, ní 2021, ó kúrò níbẹ̀ ní 2023. Wo bí ọdún ṣe gùn tó kó tó débẹ̀, kó o wo bó ṣe kúrú tó lórí àga tó kẹ́yìn yẹn. Ká sòótọ́, àga náà kì í pẹ́ lábẹ́ ẹni. Má fi gbogbo ayé rẹ dúró dè é.

Àgbà Ṣọ́ọ̀bù

Mà, ẹ ti sọ ọ́ tán. Mo kàn fẹ́ fi ohun tó ń gbé àwọn ọ̀gá àgbà ṣubú kún un, torí wọ́n máa bi àbúrò wa lọ́jọ́ kan, kó lè rí nǹkan sọ.

Ron Johnson. Ó ti ṣe dáadáa ní Target, ilé-iṣẹ́ ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, òun náà ni Apple gbé àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé lọ́wọ́ láti 2000. Gbogbo ayé ló ń yìn ín. Ilé-iṣẹ́ ìtajà JCPenney gbé e jọ́gàá ní oṣù Kọkànlá 2011. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2012, ó ti fòpin sí kúpọ́ọ̀nù (ìwé tí oníbàárà fi ń gba ẹ̀dínwó) àti ẹ̀dínwó ojoojúmọ́, ó ní iye tó wà lára ọjà ni iye tó wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, bó o bá gbọ́ ọ. Àmọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ṣe é sí lẹ́ẹ̀kan náà, kò kọ́kọ́ dán an wò ní díẹ̀ nínú wọn. Àwọn oníbàárà JCPenney fẹ́ràn kúpọ́ọ̀nù wọn. Ẹ̀dínwó yẹn gan-an ló ń mú inú wọn dùn. Láàárín ọdún yẹn, ọjà tí wọ́n ń tà já láti bílíọ̀nù 17 dọ́là ó lé sí bílíọ̀nù 13. Wọ́n yọ ọ́ ní oṣù Kẹrin 2013.

Ẹ gbé ti Target ní Kánádà tì í. Wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2013, ṣọ́ọ̀bù 133 ni wọ́n ní nígbà tí wọ́n kéde ní oṣù Kìíní 2015 pé àwọn ń lọ. Àwọn èèyàn ń fẹ́ wọn o! Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń bá ṣẹ́ẹ̀fù òfìfo. Ìsọfúnni nípa ọjà tí wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ìwọ̀n páálí, iye tó wà nínú páálí kan, àṣìṣe kún inú rẹ̀. Ọjà kún ilé ìkẹ́rùsí bámúbámú, kò dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ dáadáa ni wọ́n. Wọ́n kàn fẹ́ ṣe lọ́dún méjì ohun tó yẹ kí wọ́n fi ọdún mẹ́fà ṣe.

Àbúrò, nígbà tó o bá ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ, má ṣe ohunkóhun sí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mú méjì, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa. Bó bá ṣiṣẹ́ níbi tí kò dáa, ìgbà yẹn ni kó o gbé e kiri.

Onílé Àdéhùn

Ẹ ń sọ̀rọ̀ ọjà látàárọ̀, ẹ ò sọ̀rọ̀ ilé tí ọjà wà nínú rẹ̀. Sam Walton, ẹni tó dá Walmart sílẹ̀, gba ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Newport, Arkansas ní 1945, ó ṣe é débi tó fi ta yọ ní agbègbè yẹn. Ìwé àdéhùn ilé náà ò ní gbólóhùn tó fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti tún un gbà. Nígbà tó di 1950, onílé ní òun ò tún un ṣe mọ́. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó kó lọ sí Bentonville. Walmart àkọ́kọ́ ò ṣí títí di 1962.

Bí o bá di máníjà àgbègbè, béèrè fún ìwé àdéhùn ilé ṣọ́ọ̀bù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí o kà wọ́n: ọjọ́ tó parí, ẹni tó ń tún òrùlé ṣe, iye tí owó ilé lè fi gòkè. Àwọn máníjà àgbègbè kì í kà á. Òun gan-an ló máa jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ sí ìpàdé tí ipò rẹ ò tíì dé.

Ọ̀gá Ìrajà

Onílé Àdéhùn, ẹnu yín pé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ sọ, torí mo fẹ́ kó wá sí ọ̀dọ̀ wa, mi ò sì fẹ́ kó débẹ̀ láìmọ̀. Ní ọ́fíìsì ìrajà, ẹ̀bùn pọ̀. Àwọn tó ń pèsè ọjà á fẹ́ gbé ẹ jáde, wọ́n á rántí ọjọ́ ìbí rẹ ju àwọn ẹbí rẹ lọ. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí ọ̀gá rẹ mọ̀ ọ́n, kí o sì dá èyí tó bá ju ohun tí òfin ilé-iṣẹ́ gbà láyè padà.

Ẹ̀yà kejì rẹ̀ kì í wọ àpò ẹnìkan, ìdí nìyẹn tó fi léwu jù. Àwọn tó ń pèsè ọjà máa ń san owó fún ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀: owó ibi tó dáa lórí ṣẹ́ẹ̀fù, owó ìpolówó, owó tí wọ́n ń dá padà bí ẹ bá rà dé iye kan. Owó gidi ni, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ni wàhálà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2014, Tesco, ilé-iṣẹ́ súpámákẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé èrè tí àwọn ti sọ ju bó ṣe rí gan-an lọ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 250 pọ́n-ùn, irú owó yìí tí wọ́n ti kà mọ́ èrè ṣáájú àkókò rẹ̀ ló fà á. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ dá wọn láre, ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ọdún tí wọ́n fi ń jẹ́jọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ níparí oṣù pé kó o ka owó oṣù tó ń bọ̀ mọ́ ti oṣù yìí "kí ìwé lè dùn ún wò", ní kó fi sínú ìmeèlì. Kò ní fi í.

Ọmọ Kántà

Ẹ̀yin àgbà mi, mo ti padà dé. Mo ṣe ohun tí Tíṣà ní kí n ṣe, mo wo àwọn tó wà lókè ní ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ti ìrajà wá ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n gbogbo wọn pátá ló ti ṣe máníjà àgbègbè rí, àfi onísirò àgbà.

Mo bá lọ bá ọ̀gá mi. Mo ní kí wọ́n fi mí ṣe máníjà àgbègbè, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé lẹ́yìn ọdún méjì mo lè béèrè fún ọ́fíìsì ìrajà ní ipò tó bá tèmi dọ́gba, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló kọ́ mi. Wọ́n gbà láti kọ ọ́ pé wọ́n máa "gbé e yẹ̀ wò." Ṣé ìyẹn tó?

Ọ̀gá Ìrajà

Kò tó, ṣùgbọ́n ó ju òfo lọ. Máa wá kí àwọn ará ìrajà ní olú ilé-iṣẹ́ lóṣooṣù, kó o máa gbé ìròyìn wá fún wọn: ọjà tí kò tà àti ìdí tí kò fi tà. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn fúnra wọn ló máa béèrè fún ẹ.

Ìyá Ìbejì

Kú oríire, àbúrò mi. Ṣé o ti sọ fún àwọn ará ilé?

Ọmọ Kántà

Mo ti sọ, mà. Wọ́n ní mọ́tò yẹn ńkọ́ 😂

Ìyá Oníṣirò

Ọmọ mi, kí o tó fi ṣọ́ọ̀bù tó o wà sílẹ̀, jẹ́ kí wọ́n ka gbogbo ọjà inú rẹ̀ níṣojú ìwọ àti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí o sì mú ẹ̀dà kan lọ. Bí ọjà bá sọnù lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọn ò ní dárúkọ rẹ. Ṣe bákan náà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó o fẹ́ gbà, kí o má gba kọ́kọ́rọ́ èyíkéyìí kí wọ́n tó kà á tán.